Ẹsẹ̀ Kámẹ́rà Tí N Ó Gbé Dé Abà Olóbì

Àìkú, 19 Ọ̀wàrà 2025

Mo ti Abà Olóbì dé, ẹrẹ̀ dé mi lórúnkún. Màmá Èyítáyọ̀, ẹ̀gbọ́n ìyá mi, ní Tiwalolúwa ọmọ wọn ń bọ̀ wá gbé wọn lọ sí Àbújá ní ọgbọ̀njọ́ oṣù tó ń bọ̀. Ojú wọn ni wọ́n ní wọ́n ń lọ tọ́jú, ṣùgbọ́n gbogbo wa la mọ̀ pé ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rùn-ún tó bá wọ ọkọ̀ lọ Àbújá, ó ń lọ jókòó sílé ọmọ ni. Wọ́n fẹ́ ya fọ́tò kan kí wọ́n tó lọ, lábẹ́ igi obì tí bàbá wọn gbìn, kámẹ́rà ńlá tó ní aṣọ dúdú ni wọ́n sì fẹ́, irú èyí tí wọ́n fi yà wọ́n nígbà ìgbéyàwó. Wọn ò fẹ́ ti fóònù. Fóònù Tiwalolúwa já sódò lọ́jọ́ kan, gbogbo fọ́tò inú rẹ̀ sì bá omi lọ.

Mo ní kò sí wàhálà, irú rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ mi. Ẹnu mi ló kó bá mi.

Afárá odò ti já láti ìgbà òjò èṣí. Ọ̀kadà ń dúró létí odò ni, lẹ́yìn náà èèyàn á fi ẹsẹ̀ gun òkè fún nǹkan bí ogójì ìṣẹ́jú. Kámẹ́rà fúnra rẹ̀ kò ṣòro gbé, pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ àti awọ ni. Ẹsẹ̀ mẹ́ta tó ń dúró lé ni ìṣòro. Ìrókò ni olóògbé ọ̀gá mi tó kọ́ mi ní fọ́tò yíyà fi ṣe é, àfi bí ẹni pé wọ́n fẹ́ kí wọ́n fi gbé ilé ró. Abẹ́ igi obì sì ṣókùnkùn, ojú kámẹ́rà gbọ́dọ̀ ṣí sílẹ̀ títí n ó fi ka ení dé ẹ̀rin. Bí ẹsẹ̀ bá mì díẹ̀ báyìí, Màmá á ní imú méjì.

Ohun tí n kò sọ fún wọn ni pé mo fẹ́ kí Bàbá Akínladé, àbúrò wọn, wà nínú fọ́tò náà. Ọmọ márùn-ún ni bàbá wọn bí, àwọn méjì ló kù. Ìyá mi, Àbẹ̀kẹ́, ti lọ. Kò sí fọ́tò kan ṣoṣo láyé yìí tí àwọn méjèèjì jọ wà. Ọdún kẹsàn-án rèé tí wọ́n ti ń yan ara wọn lódì nítorí igi obì méjìlá tó wà lójú ààlà. Màmá ní méjèèjìlá ni tàwọn. Bàbá ní méje nínú rẹ̀ ni tòun. Apá kan abà ni Màmá ń gbé, apá kejì ni Bàbá, ẹni tó bá sì fẹ́ jẹun lọ́dọ̀ àwọn méjèèjì lọ́jọ́ kan náà á fi ọgbọ́n nu ẹnu.

Ìṣẹ́gun, 21 Ọ̀wàrà

Mo gbé ẹsẹ̀ ìrókò náà sí èjìká láàárọ̀, mo ní kí n fi rìn láti ilé wa dé Ìdó-Ọ̀ṣun kí n lè mọ bí agbára mi ṣe kù sí. Agbára mi kù sí ìkóríta kejì. Kẹ̀kẹ́ ni mo wọ̀ padà wálé. Oníkẹ̀kẹ́ gba owó èèyàn méjì lọ́wọ́ mi, ó ní ohun tí mo gbé dání tóbi ju èrò lọ, kò sì lè sún fún ẹlòmíì.

Rẹ̀mílẹ́kún, ìyàwó mi, fi róòbù pa mí níbàdí. Ó ní, "Bàbá Testimony, ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta ni yín. Ìrókò yẹn dàgbà jù yín lọ, ẹ bọ̀wọ̀ fún un."

Ọjọ́rú, 22 Ọ̀wàrà

Dókítà ní n kò gbọdọ̀ gbé ohun tó bá wúwo ju kẹ́ẹ̀gì omi kékeré lọ títí ọdún yóò fi parí. Mo bi í bóyá kẹ́ẹ̀gì náà kún ni àbí kò kún. Kò rẹ́rìn-ín.

Àbámẹ́ta, 25 Ọ̀wàrà

Mo ra ẹsẹ̀ kámẹ́rà tuntun lọ́wọ́ Òkìkí, ọmọkùnrin tó ń ta nǹkan fóònù nítòsí Ọjà-Ọba. Ẹgbàá mọ́kànlélógún náírà. Ìka kan ló fi gbé e sókè kí n lè rí i pé ó fúyẹ́. Ó ní gbogbo àwọn tó ń ya ìgbéyàwó nílùú yìí ló ń lò ó, pé ó lè gbé kámẹ́rà yòówù. Inú mi dùn dé ilé.

Mo dán an wò bí ọ̀gá mi ṣe kọ́ mi. Èèyàn á bu omi sínú abọ́, á gbé e ka orí ẹsẹ̀ kámẹ́rà, á fi ìka gbá ẹsẹ̀ kan, á sì máa kà títí omi yóò fi dákẹ́. Èyí tó bá dákẹ́ kí èèyàn tó ka ẹ̀rin ló dára. Ti ìrókò, ẹ̀ta ni. Ti Òkìkí, mo ka ẹẹ́tàdínlọ́gbọ̀n, omi ṣì ń jó. Rẹ̀mílẹ́kún kọjá, ó ní ṣé mo fẹ́ fọ ojú ni.

Mo sọ fún ara mi pé kámẹ́rà kì í ṣe abọ́ omi. Ẹni tó ti náwó kì í fẹ́ gbọ́ òótọ́.

Ìṣẹ́gun, 28 Ọ̀wàrà

Fíìmù mẹ́rin ni Testimony ọmọ wa fi ránṣẹ́ sí mi láti ìlú òyìnbó, kò sì sí ibi tí wọ́n ti ń tà á ní gbogbo Òṣogbo. Mo lo ọ̀kan lónìí láti fi dán ẹsẹ̀ Òkìkí wò. Mo ní kí Rẹ̀mílẹ́kún dúró ti okùn aṣọ. Mo ṣí ojú kámẹ́rà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Nígbà tí mo máa fi dé ẹ̀ta, ẹsẹ̀ kan ti ń kúnlẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ìyàwó tuntun tó ń kí ìyá ọkọ.

Mo fọ fíìmù náà. Ìyàwó mi ní àgbọ̀n mẹ́ta, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì hàn dáadáa. Ó wò ó títí. Ó ní òun ò mọ̀ pé òun ti sanra tó báyìí, kí n lọ sun ún kí àwọn ọmọ ìjọ tó rí i.

Mo gbé ẹsẹ̀ náà padà fún Òkìkí. Ó ní, "Bàbá, ohun tó ju agbára rẹ̀ lọ lẹ gbé lé e lórí. Fóònù ni wọ́n ṣe é fún." Mo ní, ìwọ tí o sọ pé ó ń gbé kámẹ́rà yòówù ńkọ́? Ó ní kámẹ́rà tòun ní lọ́kàn ni èyí tó wà nínú fóònù. N kò bá a jà. Ó ti kí mi ní ìdọ̀bálẹ̀ tẹ́lẹ̀, ó sì ṣòro kí èèyàn bínú sí ẹni tó ṣì wà nílẹ̀.

Ẹtì, 31 Ọ̀wàrà

Òjò láti òwúrọ̀. Mo fi ọparun ṣe ẹsẹ̀ kan fúnra mi. Ó fúyẹ́ gan-an. Omi inú abọ́ kò dákẹ́ rárá, nítorí abọ́ náà ṣubú.

Ajé, 3 Bélú

Mo lọ bá Lùkúmọ̀n, ajórinmọ́rin tó wà lẹ́yìn gáréèjì àtijọ́. Mo ya àwòrán ohun tí mo fẹ́ fún un: páìpù oníhò tó tín-ín-rín, ẹsẹ̀ mẹ́ta, tó ṣe é ká. Mo sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́rin pé kó fúyẹ́. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ fọkàn balẹ̀. Bí ẹ bá gbé e, ẹ ò ní mọ̀ pé ẹ gbé nǹkan."

Àbámẹ́ta, 8 Bélú

Èèyàn méjì ló bá mi gbé e sínú kẹ̀kẹ́.

Lùkúmọ̀n ṣe páìpù tín-ín-rín bí mo ṣe wí lóòótọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tó wò ó, ẹ̀rù bà á pé kó má lọ ṣẹ́, ló bá fi irin so ẹsẹ̀ kìíní mọ́ ìkejì, ó so ìkejì mọ́ ìkẹta. Lẹ́yìn ìyẹn ló wá rí i pé ìsàlẹ̀ ò dọ́gba mọ́ òkè, ó wá fi irin mìíràn sókè. Ó ní bí trélà bá kọlù ú, trélà ló máa bàjẹ́. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí ó ṣiṣẹ́ tọkàntọkàn, orúkọ mi sì wà lára irin náà pẹ̀lú ọ̀dà pupa: ỌLỌ́LÁJÙLỌ BÁNDÉLÉ ÒGÚNMỌ́LÁ FỌ́TÒ.

Omi inú abọ́ kò tilẹ̀ mọ̀ pé wọ́n gbá nǹkan kan. Kò sí ẹsẹ̀ tó dúró báyìí rí. Ó kàn jẹ́ pé ibi tí wọ́n bá gbé e kalẹ̀ sí náà ni yóò wà títí ayé. Rẹ̀mílẹ́kún ti ń sá ẹ̀gẹ́ lé e lórí.

Ó ku ọjọ́ méjìlélógún.

Ìṣẹ́gun, 11 Bélú

Mo lọ bá Bàbá Akínladé lábà. Mo ra búrẹ́dì ńlá kan dání. Mo kúnlẹ̀ sọ ohun tó gbé mi wá: kí àwọn àti ẹ̀gbọ́n wọn ya fọ́tò kan ṣoṣo, kò ní pẹ́, kò ní gba kí wọ́n sọ̀rọ̀.

Bàbá gba búrẹ́dì. Wọ́n ní, "Bándélé, o káàbọ̀. Sọ fún ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ pé kí Ọlọ́run sin wọ́n dé Àbújá. Ìgbà tí wọ́n bá jẹ́wọ́ pé ugi méje ni tèmi, kí wọ́n ránṣẹ́ sí mi."

Mo kọjá sí ọ̀dọ̀ Màmá. Wọ́n ní ṣé ó jẹ búrẹ́dì náà? Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mà. Wọ́n ní ó yẹ kí n ti ra ẹlẹ́rìndòdò tí yóò fi rẹ ẹ́ mọ́ ọn, pé eyín rẹ̀ ò dáa mọ́. Wọ́n wá ní kí n má dárúkọ rẹ̀ fún àwọn mọ́.

Nínú mọ́tò, inú mi bàjẹ́ gan-an. Mo ń sáré kiri nítorí ẹsẹ̀ kámẹ́rà, àwọn èèyàn tí mo fẹ́ yà kò sì fẹ́ dúró pọ̀.

Ọjọ́bọ̀, 13 Bélú

Wọ́n pe àwa òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì sí ọ́fíìsì ìjọba ní Àbẹ̀rẹ̀ kí a wá fi hàn pé a ṣì wà láàyè. Mo fi wákàtí mẹ́rin wà láàyè lórí ìlà. Ọlọ́run ló ṣe é, Mùyídéènì ló wà níwájú mi. Awọnlẹ̀ ni, ọ́fíìsì wọn kọjú sí tiwa nígbà tí mo ń ya fọ́tò fún ìjọba. Mo ròyìn ìrókò, mo ròyìn Òkìkí, mo ròyìn Lùkúmọ̀n. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú.

Ó ní, "Subuhánáláhì. Bándélé, kí lo rò pé a máa ń gbé ẹ̀rọ ìwọnlẹ̀ lé lórí nínú igbó? Orí wa ni? Ẹsẹ̀ mẹ́ta mi wà nílé. Ó fúyẹ́, ó sì ń dúró lórí àpáta."

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ̀bálẹ̀ fún un lójú àwọn èrò. Ó ní kí n wá mú un, kí n sáà fara balẹ̀, pé ní ọgbọ̀n ọdún tí òun fi ṣiṣẹ́, kò sí ibi tí òun na ẹsẹ̀ náà sí tí òun ti jẹun ọ̀sán ní àlàáfíà. Mo rò pé bí iṣẹ́ wọn ṣe pọ̀ tó ló ń fi yangàn.

Àbámẹ́ta, 15 Bélú

Mo ti gbé e dé. Ó fúyẹ́ ju kẹ́ẹ̀gì dókítà lọ. Àwọ̀ ọsàn ni wọ́n kùn ún, ìdí ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní irin ṣóńṣó tó ń wọlẹ̀. Mo gbé abọ́ omi lé e, mo gbá a. Ení, èjì, ẹ̀ta. Omi dákẹ́.

Mo gbá a lẹ́ẹ̀kan sí i kí ó dá mi lójú. Ẹ̀ta náà ni. Mo pe Rẹ̀mílẹ́kún wá wò ó. Ó ní ó dáa, ṣùgbọ́n òun ò ní í dúró ti okùn aṣọ mọ́.

Ajé, 17 Bélú

Ìdè orí ẹsẹ̀ awọnlẹ̀ tóbi ju ihò ìdí kámẹ́rà lọ. Lùkúmọ̀n bá mi gé irin kékeré kan tó so àwọn méjèèjì pọ̀. Ó bi mí pé kí ló ṣe èyí tí òun ṣe. Mo ní ó dára jù, n kò fẹ́ kí ojú ọ̀nà bà á jẹ́.

Ọ̀kan nínú fíìmù mẹ́ta tó kù ti gba ìmọ́lẹ̀ níbi tí mo ti ń dán irin náà wò. Méjì ló kù.

Àbámẹ́ta, 22 Bélú

N ó kọ èyí bó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an.

Mo ti dé Òṣú, níbi tí a ti ń wọ ọ̀kadà lọ sábà, kí aago mẹ́sàn-án tó lù. Ọlọ́kadà tó gbé mi lọ sí etí odò wo ẹsẹ̀ aláwọ̀ ọsàn lórí itan mi. Ó ní, "Bàbá, ta ló ń ta ilẹ̀?" Mo ní kámẹ́rà ni. Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ náà ni, sà." Ó yọ fóònù, ó sì yára pe ẹnì kan.

Mo gun òkè, ìbàdí ò dùn mí rárá. Gbogbo ilé tí mo kọjá ni wọ́n ń kí mi ní "Ẹ kú iṣẹ́ ọba o." Orí mi wú. Mo rò pé wọ́n rántí pé mo bá ìjọba ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀. Mo rí obìnrin kan tó ń sáré gbin pèrègún sí ìpẹ̀kun oko rẹ̀, òógùn bò ó. Mo bá a yọ̀, mo ní iṣẹ́ á yọrí o. Ó wò mí bí ẹni tó fẹ́ ṣépè. Gbogbo wa la mọ̀ pé pèrègún la fi ń sààmì ààlà, ṣùgbọ́n fọ́tò ló kún inú orí mi lọ́jọ́ náà.

Màmá ti múra sílẹ̀, wọ́n wọ aṣọ òkè aláwọ̀ elése àlùkò tí wọ́n fi ṣèyàwó, ó ti gùn jù wọ́n lọ báyìí. Mo gbé àga wọn sídìí igi obì ńlá, ojú ààlà gan-an ni. Mo na ẹsẹ̀ mẹ́ta, mo tẹ irin ṣóńṣó wọlẹ̀, mo so agbọ̀n obì kan mọ́ abẹ́ rẹ̀ kó lè tẹ̀wọ̀n. Mo ya Màmá nìkan. Ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin. Ó dá mi lójú pé ó dára. Fíìmù kan ló kù.

Mo tún bo orí mọ́ inú aṣọ dúdú láti wo bí ìmọ́lẹ̀ ṣe rí. Nínú kámẹ́rà wa, gbogbo nǹkan ń dorí kodò ni: ilẹ̀ á wà lókè, ewé á wà nísàlẹ̀. Bí mo ṣe ń wò ni mo rí ẹsẹ̀ èèyàn bí ogún tí wọ́n ń rìn bọ̀ lójú ọ̀run. Mo rí àdá. Mo wá rí Bàbá Akínladé, orí wọn sísàlẹ̀, wọ́n di àpò ọ̀rá kan tó kún fún ìwé mọ́yà.

Mo yọ orí jáde. Wọn ò dorí kodò mọ́, ṣùgbọ́n inú ń bí wọn.

Bàbá ní, "Bándélé, ọmọ Àbẹ̀kẹ́. Ìwọ ni wọ́n bẹ̀ wá wọn ulẹ̀ mi?"

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, sà, kámẹ́rà ni."

Ọkùnrin kan lẹ́yìn wọn ní bẹ́ẹ̀ náà ni awọnlẹ̀ tó wá ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ṣe wí, ó ní ẹyẹ lòun ń wò. Gbogbo wọn ní òótọ́ ni. Obìnrin oní pèrègún wà láàárín wọn, ọwọ́ rẹ̀ ṣì ní yẹ̀pẹ̀, ó ní kí n wá ṣàlàyé ohun tí mo fi ń kí òun pé iṣẹ́ á yọrí.

Mo ní kí wọ́n wá wo inú rẹ̀. Ẹni àkọ́kọ́ ki orí bọ inú aṣọ, ó yọ ọ́ kíákíá, ó kéde fún àwọn yòókù pé gbogbo oko ni wọ́n ti dojú rẹ̀ dé nínú ibẹ̀. Ọ̀rọ̀ wá burú sí i.

Bàbá kò wo inú nǹkan kan. Wọ́n rìn wá sí ìdí igi obì, wọ́n lóṣòó sí ẹ̀gbẹ́ àga Màmá, bí òṣómàáló àtijọ́ ṣe máa ń lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà ẹni tó jẹ gbèsè aṣọ. Wọ́n ní àwọn ò ní dìde níbẹ̀ títí ohun tí mo gbé wá yóò fi kúrò lórí ilẹ̀ bàbá àwọn. Ẹni ọdún méjìlélọ́gọ́rin ni wọ́n. Nígbà tó yá, orúnkún wọn kọ̀, wọ́n rọra jókòó sórí gbòǹgbò, àmọ́ ojú wọn ṣì ń lóṣòó.

Màmá ní, "Bándélé, sọ fún àbúrò ìyá rẹ pé fọ́tò ni mo ń yà."

Bàbá ní, "Bándélé, sọ fún ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ pé èèyàn kì í pe awọnlẹ̀ wá ya fọ́tò."

Àyè tó wà láàárín wọn kò ju ìwọ̀n apá kan lọ. Báyìí ni wọ́n ti ń ṣe é láti ọdún mẹ́sàn-án, ẹnikẹ́ni tó bá wà nítòsí ni wọ́n ń lò. Mo dúró, mo ń jíṣẹ́ lọ, mo ń jíṣẹ́ bọ̀. Ìgbà náà ni mo wá ṣàkíyèsí ibi tí wọ́n wà. Ẹ̀gbọ́n lórí àga, àbúrò lórí gbòǹgbò, igi bàbá wọn lẹ́yìn wọn. Bí mo bá fi oṣù kan bẹ̀ wọ́n, wọn ò ní jókòó báyìí.

Mo ní, "Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ jọ̀ọ́, bí ẹ bá lè jókòó jẹ́ẹ́ títí n ó fi ka ẹ̀rin, n ó ká nǹkan yìí, n ó sì gbé e kúrò."

Bàbá ní àwọn ti sọ pé àwọn ò ní dìde, kí n ṣe bó ṣe wù mí.

Mo ki fíìmù tó kù bọ̀ ọ́. Ẹsẹ̀ kámẹ́rà dúró digbí. Mo ṣí ojú rẹ̀. Ení.

Màmá ní, "Bándélé, sọ fún un pé ugi méjìlá ni."

N kò lè jíṣẹ́. Bí mo bá sọ̀rọ̀, kíkà mi á dàrú. Èjì.

Bàbá dúró kí n jíṣẹ́, n kò jẹ́ ẹ. Màmá pẹ̀lú dúró. Wọ́n wá yí ojú síra wọn. Màmá ní, "Akínladé, méjìlá ni." Bàbá ní, "Ẹ̀gbọ́n, méje ni." Ẹ̀ta. Àwọn méjèèjì jọ ń sọ̀rọ̀ lọ pọ̀. Ẹ̀rin.

Mo ti ojú kámẹ́rà. Kò sí ẹni tó mì láàárín èrò. Bàbá wo ẹ̀gbọ́n wọn títí, wọ́n ní, "Ẹ ti rù."

Màmá ní, "N kò rù. Ojú rẹ ló ti gbàgbé mi."

Mo ká ẹsẹ̀ kámẹ́rà mi, mo so aṣọ dúdú. Nígbà tí mo ń sọ̀ kalẹ̀, wọ́n ṣì jókòó síbẹ̀, wọ́n ń ka igi. Obìnrin oní pèrègún ló sìn mí dé etí odò. Ó ní òun kàn fẹ́ kí ó dá òun lójú pé mo lọ.

Ajé, 24 Bélú

Mo fọ fíìmù méjèèjì. Ti Màmá nìkan mọ́ kedere, kò sí àbùkù kankan.

Mo gbé ìkejì sókè, inú mi rọ̀ wọ̀ọ̀. Gbogbo ewé hàn. Èèrùn tó ń gun igi hàn. Fọ́nrán òwú aṣọ òkè hàn, bẹ́ẹ̀ ni iṣan ọwọ́ Bàbá lórí àpò ọ̀rá. Ẹsẹ̀ Mùyídéènì kò mì bíńtín. Ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì kò ní ẹnu. Kùrukùru funfun ló wà níbi tó yẹ kí ẹnu wà. Gbogbo oṣù yìí ni mo fi wá ohun tí kò ní mì, n kò rántí pé ẹnu èèyàn ò ní ẹsẹ̀ mẹ́ta.

Mo gbé e fún Rẹ̀mílẹ́kún, omi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lójú mi. Ó wò ó, ó jókòó sílẹ̀, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ń di inú mú. Ó ní, "Bàbá Testimony, ọ̀rọ̀ ọdún mẹ́sàn-án lẹ fẹ́ kó dúró jẹ́ẹ́ fún kíkà mẹ́rin?"

Ọjọ́bọ̀, 27 Bélú

Mo gbé fọ́tò méjèèjì lọ fún Màmá, kí wọ́n mú èyí tí wọ́n bá fẹ́. Mo kọ́kọ́ tọrọ àforíjì. Wọ́n gbé èyí tó mọ́ súnmọ́ ojú, wọ́n ní ó dára, obìnrin náà rẹwà. Wọ́n gbé ìkejì, wọ́n pẹ́ lórí rẹ̀. Wọ́n fi èékánná tọ ibi kùrukùru náà.

"Èyí ni mo fẹ́ gbé lọ," ni wọ́n wí. "Bí mo bá ń wò ó, n ó máa gbọ́ ohùn rẹ̀."

Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n fi ìyókù sílẹ̀ fún Bàbá. Wọ́n ní kí n má ṣe bẹ́ẹ̀, pé Bàbá ti ní kí n tẹ ẹ̀dà fọ́tò àwọn méjèèjì fún òun. N kò mọ ìgbà tí wọ́n bá ara wọn sọ ìyẹn.

Àìkú, 30 Bélú

Tiwalolúwa gbé ìyá rẹ̀ lọ. Ọkùnrin mẹ́rin gbé Màmá sórí àga sọdá odò. Bàbá Akínladé ló tẹ̀lé wọn, wọ́n ru àpò obì kan lórí, wọn ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbà á. Wọ́n gbé e sínú bọ́ọ̀tù ọkọ̀, wọ́n sọ fún Tiwalolúwa pé kó má sọ ọ́ nù o, pé láti ara ugi márùn-ún tó jẹ́ ti ìyá rẹ̀ ni.

Màmá gbọ́ ọ láti inú ọkọ̀. Wọ́n ní méjìlá. Ọkọ̀ gbéra.

Àbámẹ́ta, 6 Ọ̀pẹ

Mo lọ dá ẹsẹ̀ awọnlẹ̀ padà fún Mùyídéènì. Mo ní n kò jẹ oúnjẹ ọ̀sán. Ó ní ó ti mọ̀.

Bí mo ṣe dé ilé ni Bàbá Akínladé pè mí. Wọ́n ní àràárọ̀ ni ẹ̀gbọ́n wọn ń pè láti Àbújá nítorí igi obì, pé àná nìkan, wákàtí kan gbáko ni wọ́n fi jiyàn, owó orí fóònù sì tán mọ́ àwọn lẹ́nu. Mo ní kí wọ́n má bínú, sà. Wọ́n ní ta ló ń bínú. Wọ́n wá ní kí n bá àwọn sọ fún ẹ̀gbọ́n àwọn pé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe èyí tí èèyàn ń fi fóònù sọ, kí wọ́n wá ulé wá sọ ọ́ lójú àwọn.

Mo ní n ó jíṣẹ́. Bàbá ní kí n sọ fún wọn pé kí wọ́n tètè bọ̀.